Kíákíá Nídìí Ìkòkò Àbẹ́là

Tí ẹ bá rí Kíákíá níbi tó jókòó sí, ẹ tètè wò ó dáadáa, torí kí ẹ tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dìde. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò, láti orí àwọn awakọ̀ dórí obìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní kọ̀rọ̀, Kíákíá ni wọ́n ń pè é, òun náà á sì ti dáhùn kí wọ́n tó pè é tán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù. Mẹkáníìkì ni, mẹkáníìkì gidi! Bí dírẹ́bà bá ní ọkọ̀ òun ń pariwo, kò ní dúró gbọ́ irú ariwo tó jẹ́ kó tó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdúró ló ti ń mu tíì. Ìgbà kan wà tó dìde lórí àga onígbàjámọ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ tán, nítorí ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kan ń wúkọ́ lójú títì. Ìrọ̀lẹ́ ló tó padà lọ gé ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo ọ̀sán yẹn ló fi ń rìn kiri pẹ̀lú orí aláàbọ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà tó òun alára.

Ìyàwó rẹ̀, Aláró, ò jọ ọ́ rárá. Òun lè jókòó ti ìkòkò kan fún wákàtí méjì láìyí ìdí padà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń fi àbẹ́là ṣe ọnà sára aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ó ti di aláwọ̀ aró jìnwìnnì bí ẹni pé òjò aró ló ń rọ̀ síbẹ̀. Páànù mẹ́fà ló bo orí rẹ̀. Lábẹ́ páànù yẹn, tábìlì gígùn kan wà tí wọ́n fi tìmùtìmù àti ọ̀rá bò, sítóòfù méjì, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, àti ògiri kan tó kún fún fóòmù tí Aláró fi abẹ gé ní oríṣiríṣi: ewé, ẹyẹ, òrùka, egungun ẹja. Èmi aládùúgbò wọn kà wọ́n lọ́jọ́ kan, mo dé igba ó lé mẹ́rin kí ojú tó rẹ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, torí ó máa ń mú orí mi wú. Wọ́n á kọ́kọ́ se aṣọ òwú funfun kí gbogbo sítáàṣì ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á yọ́ àbẹ́là pọ̀ mọ́ ìda oyin díẹ̀ kó má baà máa fọ́ wẹ́wẹ́. Wọ́n á ti fóòmù bọ̀ ọ́, wọ́n á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ibi tí àbẹ́là bá wọ̀, aró ò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ó gbọ́dọ̀ wọlé títí dé ẹ̀yìn aṣọ o, kì í ṣe kó kàn jókòó sójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ aṣọ sínú aró tútù, torí omi gbígbóná á yọ́ àbẹ́là. Ibí yìí ló máa ń múnú mi dùn jù: tí wọ́n bá fa aṣọ náà jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, àwọ̀ ewé tí ò jọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, ojú yín báyìí ni á ṣe di aró! Mo ti rí i ju ogún ìgbà lọ, mo ṣì ń pariwo. Tí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀ méjì, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á tún tẹ àbẹ́là sí ibi tí wọ́n fẹ́ kó dúró ní aró fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró tó dúdú. Ní ìparí, wọ́n á se gbogbo rẹ̀ nínú omi tó ń hó, àbẹ́là á léfòó, ọnà á jáde.

Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn, ohun tí Kíákíá mọ̀ nípa rẹ̀ ò ju pé kó má gbé gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù rẹ̀ sún mọ́ sítóòfù ìyàwó òun.

Àfi ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Aláró na ọwọ́ ọ̀tún kó fi mú ìgbákọ, ọwọ́ náà ò lọ. Ó tún un na, kò lọ. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e bí ẹni gbé ọwọ́ ẹlòmíràn, ló bá jókòó sílẹ̀. Kíákíá ló sáré gbé e dé ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ oníbàárà, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àrùn rọlápá rọlẹ́sẹ̀ ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún náà fi ara mọ́ ìhà rẹ̀ bí ọmọ tó ń tijú àlejò.

Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Aláró ti gbé ọ̀rọ̀ dé. Obìnrin tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ni, ká má parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ràn ènìyàn, ó ti di ọ̀gá onítọ̀hún nìyẹn. Ó ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tó fẹ́ ra gbogbo ohun èlò ẹ̀yìnkùlé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dúrọ́ọ̀mù, ìkòkò, tábìlì, títí kan fóòmù ara ògiri.

"Èéfín ò dáa fún ọ. Ooru ò dáa fún ọ. Kí lo tún ń wá? Wá sinmi!"

Aláró ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ìkòkò yẹn bá kúrò ńbẹ̀, kí ni n ó máa jí fún?"

"Ṣé o kì í jí fún ọkọ ẹ ni?"

"Kí n tó jí, ó ti jáde."

Kíákíá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde, ló bá là á mọ́lẹ̀: "Èmi á máa ṣe é. Kó máa fi ẹnu sọ, kí n máa fi ọwọ́ ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n yẹn kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà. Ìgbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, òun ló wá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè dúró kí tíì tutù!"

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ nígbà náà. Obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Kọ́tìn, kọ́tìnnì ojú fèrèsé ló ń rán fún àwọn ọ́fíìsì àti ilé ńlá. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ Aláró, kì í sì í rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ti béèrè fún aṣọ mẹ́wàá, yáàdì márùn-ún márùn-ún, egungun ẹja funfun àti ẹ̀kán, ìyẹn tótòtó bí omi tó kán sílẹ̀, ní aró fẹ́ẹ́rẹ́ lórí aró dúdú. Ọjọ́ Sátidé ni yóò wá kó o. Ni àwọn méjèèjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, bá ṣe àdéhùn: bí aṣọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá jáde láìlábùkù ní Sátidé, ohun èlò dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á wá kó o lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó burú. Aláró jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ òsì, ó ń fi nawọ́ sí nǹkan bí olùkọ́. Kíákíá gbé àbẹ́là kaná, kò tíì yọ́ tán tó ti ti fóòmù bọ̀ ọ́.

"Ó ti yá jù. Ẹ wò ó, ó jókòó sójú aṣọ bí ẹyin díndín. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà. Ṣé ẹ rí nǹkan kan ńbẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Aró á gba abẹ́ ẹ̀ wọlé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gbóná."

Ó yí iná sókè dé òpin. Kò pẹ́, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ó tún tẹ̀ ẹ́, egungun ẹja náà sì fẹ̀ bí ẹni tó sanra lójijì.

"Ó ti gbóná jù!"

"Ìwọ obìnrin yìí, èwo lo wá fẹ́? Ó tutù jù, ó gbóná jù!"

"Àárín ni mo fẹ́, Bàbá Kíákíá. Ṣé wọn ò ní àárín lábẹ́ ọkọ̀ ni?"

Kíákíá wo ìkòkò, ó wo fóòmù, ó yí po tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá pariwo: "Gíríìsì! Gíríìsì ni nǹkan yìí! Tó bá tutù, kì í wọ inú bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Tó bá gbóná jù, á sá lọ. Kí ló dé tó o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Gíríìsì," ni Aláró wí. "Mo fi ogójì ọ̀rọ̀ ṣàlàyé láti àárọ̀, gíríìsì ló gbọ́."

Àmọ́ láti ìgbà yẹn lọ, mo sọ fún yín, ọkùnrin náà yí padà! Ọwọ́ tó ti ń fún bóòtù látọjọ́ pípẹ́, kò gbọ̀n. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó tọ́ gbọnrangandan láti etí aṣọ dé etí kejì, ó ń tẹ egungun ẹja lé e lórí, tẹ̀, gbé e, tẹ̀, gbé e, ààyè tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì dọ́gba bí eyín kóòmù. Ó ń yí ẹ̀yìn aṣọ padà lẹ́yìn gbogbo ìlà kan. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni dídúró. Tí aṣọ bá wọ inú aró, á máa béèrè: "Ṣé ó ti tó? Ṣé ó ti tó?" Tí aṣọ bá wà lórí okùn, á máa fọwọ́ kàn án ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, débi pé ó fi àmì ìka sí ọ̀kan, Aláró sì fi ọ̀pá gbá a lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, aṣọ márùn-ún ti parí, wọ́n mọ́, wọ́n dúdú, egungun ẹja funfun ń tàn lára wọn. Kíákíá ká wọn, ó tú wọn, ó tún wọn ká. Ó pè mí ju ìgbà mẹ́rin lọ kí n wá wò ó.

Aṣọ márùn-ún kù, wọ́n sì ti rẹ àwọn náà sínú aró fẹ́ẹ́rẹ́ lówùúrọ̀ Jímọ́ọ̀. Kí wọ́n gbẹ, kí wọ́n gba ẹ̀kán àbẹ́là, kí wọ́n wọ aró dúdú, ó parí. Àmọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn náà ni Aláró gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń bá a na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú un. Kó tó wọ ọkọ̀, ó yíjú padà:

"Abẹ́ páànù ni kí ẹ sá wọn sí o. Òjìji. Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo wí?"

"Òjìji! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó lọ. Ó ku Kíákíá pẹ̀lú aṣọ márùn-ún tó ń kán tó, tó, tó.

Òfuurufú ṣú lọ́jọ́ náà, atẹ́gùn ò sí. Aṣọ ò gbẹ. Ó fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó lọ sí ẹnu géètì, ó padà, ó fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó já páálí kan, ó ń fẹ́ aṣọ náà bí ẹni fẹ́ aláìsàn. Bí apá bá ro ó, á pààrọ̀ ọwọ́. Mo bá a níbẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó díẹ̀ ná." Ó ní, "Sátidé ò ní jókòó." Aago mẹ́wàá kọjá, mọ́kànlá kọjá. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi: bí wọn ò bá gbẹ kí ó tó di ọ̀sán, wọn ò ní lè wọ aró dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Sátidé ti dé nìyẹn. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́ rárá. Ó ń fi ìka na àtàǹpàkò, ó ń wo òkè, ó ń wo aṣọ. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ní bíi aago méjìlá, oòrùn là. Ó là gan-an! Ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ tí kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀ mọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ bí ibùsùn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, irin náà ti ń jó bí ayọ́ọ̀nù. Kíákíá wò ó. Ó gbé ojú kúrò. Ó tún wò ó. Ó ní òun kàn fẹ́ fi ọ̀kan dán an wò ni.

Ó tẹ́ ọ̀kan. Ooru gòkè lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ́ èkejì lé orí irin tó bo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ̀kẹta, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀. Ibi tí àṣìṣe wọ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, aṣọ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó rí i pé yíká egungun ẹja kọ̀ọ̀kan, ojú aṣọ dúdú díẹ̀, ó rẹ̀ bí ibi tí omi wà. Ó wí fún ara rẹ̀ pé omi ló kù níbẹ̀. Ó ní àfi kó fi í sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa. Ó fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí mìíràn.

Omi kọ́ ni. Àbẹ́là ni! Irin ti yọ́ ọ, ó ti ń ṣàn kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ó ń wọ ara aṣọ ká. Bí ó ṣe ń dúró kó gbẹ ni ó ń ṣàn sí i. Aláró ì bá ti mọ̀ ọ́n lójú kan, torí àbẹ́là yíyọ́ àti omi jọra lójú ẹni tí ò tíì pẹ́ nídìí ẹ̀ nìkan. Kíákíá kó aṣọ sínú òjìji nígbẹ̀yìn, ooru ara wọn rọlẹ̀, wọ́n gan, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ti gbẹ táútáú. Ó tẹ ẹ̀kán lé wọn, ó rẹ wọ́n sínú aró dúdú, ó sì ti sá wọn sí abẹ́ páànù kí ìyàwó rẹ̀ tó padà dé ní aago mẹ́rin. Ó dúró ní ẹnu géètì ń dúró dè é, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti rẹ wọ́n?" Aláró ò gbà á gbọ́. "Ẹ ti rẹ gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn! Gbé omi kaná, ó ku ká sè wọ́n."

Wọ́n gbé omi kaná. Ó hó. Wọ́n ki aṣọ àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fi igi rò ó, àbẹ́là ń léfòó. Kíákíá fà á jáde, ó ṣàn án nínú omi tútù, ó tẹ́ ẹ sórí okùn.

Yíká egungun ẹja kọ̀ọ̀kan, aró fẹ́ẹ́rẹ́ ti tàn ká wúruwùru, kò sí etí tó mọ́ lára ọ̀kankan, àwọn mìíràn sì ti di eérú níbi tó yẹ kí wọ́n funfun.

Aláró wò ó pẹ́. "Ẹja yín ń làágùn," ni ó wí. "Ibo lẹ sá a sí?"

"Òjìji."

"Òjìji ibo?"

"Òjìji... ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn."

Aláró rọra rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilé, ó fi èékánná ọwọ́ òsì họ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà. Ohun funfun kan bọ́ sílẹ̀ ní páláńbá páláńbá. Ó gbé e wá, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta àbẹ́là?"

Kíákíá jókòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó sọ gbogbo rẹ̀, bí kò ṣe gbẹ, bí òun ṣe fi páálí fẹ́ ẹ, bí òun ṣe rò pé omi ni. Kò tíì sọ ọ́ tán tó ti tún dìde. "Mo lè lọ ra aṣọ funfun nísinsìnyí! A lè bẹ̀rẹ̀ báyìí! Bí a bá bẹ̀rẹ̀ báyìí..."

"Bí a bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ni yóò gbẹ kó tó di aago mẹ́wàá ọ̀la?"

"Kí a wá sọ fún Àǹtí Kọ́tìn pé ọnà tuntun ni! Ẹja inú omi! Mo búra, yóò fẹ́ràn rẹ̀."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ta aṣọ fún ọmọ yẹn, mi ò purọ́ aṣọ fún un rí. N kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí ẹja tó ń làágùn." Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan, ó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ẹ se mẹ́rin tó kù. Ẹ má jẹ́ kí àbẹ́là gbẹ mọ́ wọn lára."

Ó sè wọ́n. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé, aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ ra nǹkan wà lójú rẹ̀. Kíákíá gbé àga fún un, ó gbé omi fún un, ó gbé àga mìíràn fún un kó tó jókòó sórí àkọ́kọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ ń jẹ́ kí òòyì kọ́ mi. Aṣọ mẹ́wàá dà?"

"Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà ńlẹ̀," ni Aláró wí. "Ẹ jẹ́ kí oníbàárà dé."

Àǹtí Kọ́tìn dé pẹ̀lú téèpù ìwọn aṣọ lọ́rùn, bó ṣe máa ń wà. Ó kúnlẹ̀ kí Aláró, ó kí i kú ewu ọwọ́ rẹ̀, ó kí Kíákíá, ó kí ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí tábìlì. Ó ní bó ṣe ń wo aṣọ. Kì í wo ojú rẹ̀ tán kó tó yí i padà. Ẹ̀yìn ló máa ń wò pẹ́, torí kọ́tìnnì, ó ní, ojú méjì ló ní, ẹni tó wà níta náà ń wò ó. Ó wo aṣọ àkọ́kọ́, ojú, ẹ̀yìn. Ó wo èkejì. Ó wo ẹ̀karùn-ún. "Màmá, iṣẹ́ yín náà nìyí." Ẹ̀gbọ́n da ojú fóònù bo itan.

Ó tú ẹ̀kẹfà.

Kíákíá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Èmi ni! Kì í ṣe òun. Ó ní òjìji, mo sá a sórí irin ọkọ̀. Gbogbo márùn-ún tó kù ló rí bẹ́ẹ̀. Má wulẹ̀ tú wọn, wọ́n rí bẹ́ẹ̀. Tú wọn kó o rí i."

Ẹ̀gbọ́n ti dìde. Fóònù ti wà létí rẹ̀. Mo rí ojú Aláró. Kò wo fóònù náà, ìkòkò rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ.

Àǹtí Kọ́tìn yí ẹ̀yìn aṣọ náà padà. Ó mú un lọ sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà egungun ẹja kan láti etí dé etí. "Àbẹ́là wọ ẹ̀yìn dáadáa. Ìlà ò sì yẹ̀ rárá. Ta ló tẹ èyí?"

"Èmi náà ni," ni Kíákíá wí.

"Márùn-ún àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Èmi ni. Gbogbo ẹ̀."

Ó wo Aláró. "Màmá! Mo rò pé ọwọ́ yín ti yá ni. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti tú àkọ́kọ́."

Aláró rẹ́rìn-ín, ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò ní í rẹ́rìn-ín. "Kò tíì yá. Ti ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n yọ fóònù kúrò létí. Ẹnìkan ń sọ "hẹlóò, hẹlóò" nínú rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ò lè wọ ilé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi," ni Àǹtí Kọ́tìn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. "Mà á kó márùn-ún tó dáa lọ. Fèrèsé mẹ́ta nínú márùn-ún tó kù, mà á fi aṣọ lásán sí i. Ó ku méjì. Ìgbà wo lẹ lè ṣe méjì fún mi?"

"Ọjọ́ mẹ́ta!" Kíákíá ti là á jáde. "Ọjọ́ mẹ́ta tó!"

Aláró kàn gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó fi í lé orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀.

Kíákíá wo òfuurufú, ó ti tún ṣú. Ìka rẹ̀ ń sáré lára àtàǹpàkò. Ó ń kà á: aṣọ sísè, àbẹ́là, aró, kó gbẹ, àbẹ́là, aró, kó gbẹ. Ó tún un kà. Lójú mi, ẹ gbà mí gbọ́, ó rí bí ẹni tó ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ lásán.

"Ọjọ́ márùn-ún," ló wí. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. "Méje. Bí oòrùn ò bá là, méje."

"Mo lè dúró de méje," ni Àǹtí Kọ́tìn wí. Ó ká aṣọ márùn-ún rẹ̀, ó kí gbogbo wa, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n dúró láàárín ẹ̀yìnkùlé. "Àdéhùn tí a ṣe, mẹ́wàá ni. Mi ò ka mẹ́wàá níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìlérí ni o ṣe fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bínú. N kò ní mú un ṣẹ. N kò ní tà wọ́n." Ohùn rẹ̀ ò le. Bí ẹni tó ń sọ pé òun ò ní mu tíì ló ṣe sọ ọ́. "Mo ní ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí oníbàárà ṣe wí."

"Ẹni tó sá aṣọ sórí ọkọ̀!"

"Òun náà."

Ẹ̀gbọ́n wo Kíákíá láti òkè délẹ̀. Ó gbé fóònù sí etí. "Ẹ má wulẹ̀ wá lónìí," ló wí sí i, ó sì tẹnu mọ́ "lónìí" yẹn kí gbogbo wa gbọ́. Ó mú àpò rẹ̀. Ní ẹnu géètì, ó yíjú: "Mo ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ rí ọwọ́ yẹn kó máa gbé ife."

"Á gbé ife," ni Aláró wí.

Ìgbà tó lọ tán, Kíákíá ti gbé aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ti gé méjì, ó ti bu omi kún ìkòkò ńlá, ó ti tan sítóòfù. Aláró ní kó kó márùn-ún tó bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn á rì wọ́n sínú aró tó dúdú jù lọ kí wọ́n di aṣọ iṣẹ́ fún àwọn mẹkáníìkì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ki aṣọ funfun bọ omi kí sítáàṣì jáde. Ó dé ìkòkò lómorí. Ó ṣí i. Ó dé e.

"Ṣé ó ti hó?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kaná ni."

Ó rìn dé géètì. Ó rìn padà. Ó wo abẹ́ ìkòkò bóyá iná ń jó, iná ń jó. Ó yọ sípánà kan nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún bóòtù ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dẹ̀.

"Ṣé ó ti hó báyìí?"

"Ọkọ mi."

"Hẹ̀n?"

"Ẹ wá bá mi na ìka ọwọ́ yìí. Wọ́n ní ogún ìgbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó ju sípánà sílẹ̀. Ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó mú àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún náà, ó ń nà án. Ó ti dé méje kí Aláró tó ka mẹ́ta.

"Ẹ rọra," ni ó wí. "Ẹ rọra. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀kan," ni Kíákíá wí, ojú rẹ̀ wà lára ìkòkò.